Òrùka Ẹnu Odó: Ìdáàbòbò Eyín Lẹ́yìn Ìtọ́jú Gbòǹgbò

Ìtọ́jú gbòǹgbò eyín, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí root canal, ni iṣẹ́ tí dókítà eyín fi ń kó ẹran inú eyín tó ti bàjẹ́ kúrò, tí yóò fọ ihò inú gbòǹgbò mọ́, tí yóò sì dí i pa. Bí ìrora bá ti lọ báyìí, ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í padà wá mọ́. Ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n bá fi bo eyín náà lẹ́yìn èyí ló máa ń pinnu bóyá yóò pẹ́ lẹ́nu.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé irú eyín bẹ́ẹ̀ máa ń gbẹ bí igi tó kú, pé ìdí nìyẹn tó fi ń tètè fọ́. Sedgley àti Messer yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 1992. Wọ́n mú eyín tí wọ́n ti tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n fi wé ìkejì rẹ̀ láti ẹnu ẹni kan náà, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò sì tó nǹkan. Ògiri tó ti lọ ló ń sọ eyín di aláìlágbára. Reeh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọn èyí ní 1989: ihò tí wọ́n gbà wọ inú gbòǹgbò kò dín líle eyín kù ju nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n bí ihò bá jẹ orí eyín já láti ìhà iwájú dé ìhà ẹ̀yìn, ìdá 63 ló ń lọ.

Odó ni àwọn eyín ẹ̀yìn tí a fi ń rún oúnjẹ. Ojoojúmọ́ ni ọmọ odó ń sọ̀ sínú wọn. Bí odó bá sán, ẹni tó mọ iyì rẹ̀ kì í là á dáná. Òrùka irin ni yóò ní kí alágbẹ̀dẹ fi dì í lẹ́nu, kó má baà pín sí méjì. Iṣẹ́ tí adé eyín, tí àwọn dókítà ń pè ní kíráùn, ń ṣe gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá dí ihò ńlá nìkan tí wọn kò bo eyín, gbogbo ìgbà tí èèyàn bá gé egungun tàbí orógbó ni ògiri tó kù á máa ṣí síta díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi là. Bí ó bá là wọ inú gbòǹgbò, yíyọ ló kù.

Salehrabi àti Rotstein tẹ̀lé eyín tí wọ́n ti tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀, tó lé ní 1,400,000, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004. Lẹ́yìn ọdún 8, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì wà lẹ́nu. Nínú àwọn tí wọ́n yọ, ìdá 85 ni kò ní adé.

Itọ́ ni ọ̀tá kejì. Ohun tí wọ́n fi ń dí inú gbòǹgbò ni gutta-percha, oje igi kan láti ìhà Malaya. Òun kan náà ni wọ́n fi bo wáyà tẹ́lígíráàfù tó gba abẹ́ òkun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Faransé ní 1851, kí omi má baà wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, inú eyín kò rí bẹ́ẹ̀: bí òkè bá ṣí sílẹ̀, itọ́ á wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Nínú àyẹ̀wò tí Swanson àti Madison ṣe ní 1987 lórí eyín tí wọ́n ti yọ, ọjọ́ 3 péré ti tó kó wọlé. Ohun funfun tí dókítà kọ́kọ́ ń fi dí i, tó sábà máa ń rùn bíi kànáfùrù nítorí òróró kànáfùrù tó wà nínú rẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Àwọn kan ń fi jẹun fún ọdún kan gbáko, títí yóò fi jẹ tán, gbòǹgbò á sì tún kẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo eyín ló nílò adé. Eyín iwájú tí ihò rẹ̀ kéré, ohun ìdíhò aláwọ̀ eyín ti tó o. Bí ó bá dúdú, wọ́n lè fi oògùn sínú rẹ̀ kó tún funfun. Ti ẹ̀yìn yàtọ̀. Wọ́n á ha á yíká ní bíi mìlímítà 1 sí 2, wọ́n á gba àwòrán rẹ̀, wọ́n á fi wúrà, tánganran tàbí zirconia ṣe adé tó bá a mu. Ara eyín gidi tó tó mìlímítà 1.5 sí 2 gbọ́dọ̀ yọ sókè ẹran ìdí eyín, kí adé lè rí nǹkan dì mú. Lẹ́yìn náà, dókítà á fi bébà tín-ín-rín aláwọ̀ búlúù sáàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, á ní kí aláìsàn pa eyín pọ̀. Ibi tí búlúù bá ti ki jù ni adé ti ga jù. Á ha á díẹ̀, á tún fi bébà sí i, títí àmì náà yóò fi dọ́gba.

Bí eyín bá ti ku kùkùté, wọ́n lè ri òpó mọ́ inú gbòǹgbò. Pierre Fauchard, ará Faransé, ti kọ̀wé nípa irú òpó bẹ́ẹ̀ ní 1728. Ọ̀pọ̀ rò pé òpó ń fún eyín lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n máa mọ lé e lórí ló ń dì mú, gbígbẹ́ àyè fún un sì lè tún sọ gbòǹgbò di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ní Nàìjíríà, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń san owó eyín, owó adé sì sábà máa ń dá dúró sí ti gbòǹgbò. Ó yẹ kí dókítà dárúkọ owó méjèèjì kó tó gbé irinṣẹ́. Ó dunni púpọ̀ láti rí eyín tí wọ́n ti náwó lé lórí, tó wá là nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún olówó rẹ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù.

Kòkòrò ṣì lè jẹ eyín létí adé níbi tó ti pàdé ẹran ìdí eyín, kò sì ní dun èèyàn, torí iṣan inú rẹ̀ ti lọ. Àwòrán X-ray ló ń tú u fó. Ìlànà ẹgbẹ́ àwọn dókítà gbòǹgbò eyín ní Yúróòpù ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún 1, ó kéré tán; bí egbò inú egungun tó yí gbòǹgbò ká kò bá tíì san tán, wọ́n á máa tẹ̀lé e títí di ọdún 4.