Ta Ló San Owó Ìyàwó? Ìtàn Ìdílé àti Ìgbéyàwó ní Ilẹ̀ Àkókó

Bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀ láàárín àwọn àgbà ní Òkè-Àgbè, ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà, ohùn kan náà ló sábà máa ń jáde: ayé àtijọ́ sàn ju tòní lọ. Wọ́n á ní obìnrin kì í pẹ́ nílé ọkọ mọ́, ọmọkùnrin kò mọ iyì àna mọ́, àgbà ilé kò sì lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ ọmọ mọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá kan ìwé ẹrù ìdána tí ìdílé ìyàwó ń kọ ránṣẹ́ sí ìdílé ọkọ, èyí tí iṣu, òróró, ìrẹsì, ẹran, àpótí aṣọ àti oríṣiríṣi àpòòwé owó máa ń wà nínú rẹ̀, wọ́n á ní ohun tí àwọn baba ńlá fi lélẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbà pé gbogbo nǹkan ti yí padà, àfi ìwé yẹn nìkan. Èrò tèmi ni pé ohun tó yí padà nínú ìgbéyàwó Àkókó láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀ sẹ́yìn kì í ṣe iye obì tàbí iye iṣu. Ẹni tó ń san án ló yí padà. Ẹni tó bá sì san owó ìyàwó ni àṣẹ ilé ń bọ́ sí lọ́wọ́.

Àwọn ìwé tó kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdílé Yorùbá fún wa kò ti ilẹ̀ Àkókó wá. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo ọ̀rọ̀ náà. Ó to ìgbéyàwó ní ìpele, láti orí ìfojúsọ́nà dé orí ìṣíhùn àti ìdána, títí dé ọjọ́ tí wọ́n máa sin ìyàwó lọ sílé ọkọ, ó sì kọ ọ́ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n débi pé a lè ní kò sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni N. A. Fadipe, ọmọ Ẹ̀gbá, kọ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí ìbágbépọ̀ àwọn Yorùbá ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ó kú ní 1944. Iṣẹ́ náà wà ní ìpamọ́ títí di 1970 kí àwọn Okediji méjì tó tún un tò, tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn sì gbé e jáde. Ọgbọ̀n ọdún ó lé kan tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò fi rí iṣẹ́ náà kà jẹ́ àdánù gidi, nítorí pé ìbéèrè tí Fadipe ń béèrè ni ó yẹ kí gbogbo wa máa béèrè: nínú agbo ilé kan, ta ló ń ṣiṣẹ́ fún ta, ta ló ni ilẹ̀, ta ló ń gbọ́ bùkátà, ta ló sì ń pàṣẹ?

Kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn ìwé yìí sọ la lè gbé wá sí Òkè-Àgbè bó ṣe wà. P. C. Lloyd, tó ṣe ìwádìí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, fi hàn pé bí Èkìtì ṣe ń ka ìdílé láti ọ̀dọ̀ baba nìkan kọ́ ni Ìjẹ̀bú àti Oǹdó ṣe ń kà á, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ń jogún nípasẹ̀ ìyá pẹ̀lú. Tí ìyàtọ̀ bá lè tó báyìí láàárín Èkìtì àti Oǹdó tí kò jìnnà síra, kí la fẹ́ sọ nípa Àkókó? Ní Òkè-Àgbè nìkan, ìlú mẹ́rin ló fara kanra, Àfá, Ògè, Ùdò àti Àjè, oníkálukú sì ní ẹ̀ka èdè tirẹ̀ tí ará Ọ̀yọ́ kò ní gbọ́. Ẹni tó bá ní àṣà ìgbéyàwó Yorùbá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo kò tíì fẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Òkè-Àgbè. Síbẹ̀, ohun kan wà tí gbogbo wọn jọ ní, òun ni iṣẹ́ àna.

Ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, láti Èkìtì dé Ọ̀wọ̀ àti Àkókó, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń to àwọn ọkùnrin sí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin sì máa ń kó lẹ́yìn lọ sóko bàbá ìyàwó rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni. Ìdájí ni wọ́n máa ń dé, kí oòrùn tó mú, oníkálukú pẹ̀lú ọkọ́ tirẹ̀. Wọ́n á gba poro, wọ́n á máa kọ ebè lọ ní ìlà, orin lẹ́nu, ẹni tó bá fà sẹ́yìn á gba yẹ̀yẹ́. Ìdílé ìyàwó á gún iyán, wọ́n á gbé ẹmu wá, ìyá ìyàwó á sì fojú wo ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gba ọmọ rẹ̀, bóyá ó le tàbí ó rọ̀. Nígbà míì ilé ni wọ́n máa bá àna ṣe, tàbí kí wọ́n pa ewé rú òrùlé. Ọdún tó ń tẹ̀ lé ọdún ni iṣẹ́ yìí, láti ìgbà tí ọmọbìnrin náà ti wà ní kékeré títí ó fi dé ilé ọkọ. Iṣẹ́ tí kò ṣeé dá ṣe ni. Bí ọmọkùnrin kan bá ta ko ìdílé rẹ̀ tàbí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́, kò sí ọ̀nà tó fẹ́ gbà níyàwó.

Ẹnìkan lè ní mo ń fi iṣẹ́ bo owó mọ́lẹ̀, pé owó ẹyọ wà láyé àtijọ́, àti pé àwọn baba kan fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà kí wọ́n tó rí owó gbé ìyàwó fún ọmọ míì. Òótọ́ ni. Ìnáwó ìgbéyàwó wà lára ohun tó ń sọ ènìyàn di ìwọ̀fà, èmi kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìyàwó rọrùn-ún fẹ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó lọ yá owó náà: bàbá ni, tàbí baálé. Ìdílé ló jẹ gbèsè, ìdílé ló san án, ìdílé ló sì gbé ìyàwó. Ìdí nìyí tí kò fi ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé tí ọkọ bá kú, àbúrò rẹ̀ á ṣú opó. Lójú wọn, obìnrin náà kò fẹ́ ẹnì kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ogun tún fún okùn tó so ọ̀dọ́ mọ́ ìdílé rẹ̀ le ní Àkókó. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Núpé láti Bídà ń kó Àkókó lẹ́rú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, orí àpáta sì ni ọ̀pọ̀ ìlú sá sí. Níbi tí ilé ti há mọ́ra lórí òkè, tí oko wà nísàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè dá lọ láìbẹ̀rù, ó bọ́gbọ́n mu kí ọ̀dọ́ máa fetí sí àgbà. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà, ìbẹ̀rù Núpé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò. Àwọn ìlú ń sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí kòkó wá gbòde ní ìlú bíi Oǹdó àti Ifẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ Àkókó wà lára àwọn tó lọ ṣe lébìrà níbẹ̀, wọ́n sì ń gba owó tó jẹ́ tiwọn, tí kò gba ọwọ́ baálé kọjá. Ibí yìí gan-an ni mo rò pé nǹkan ti yí. Ọmọkùnrin tó ti oko kòkó dé pẹ̀lú owó lápò kò nílò kó bẹ bàbá rẹ̀ kó tó dána, kò sì nílò ogún ọ̀rẹ́ tó máa bá a kọ ebè. Àna náà fẹ́ owó, nítorí òun pẹ̀lú ní owó òde láti san fún ìjọba. Ohun tó jẹ́ ọdún mẹ́wàá iṣẹ́ di iye kan tí wọ́n lè kà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ohun tó bá sì ṣeé kà sílẹ̀ ṣeé dá padà. Kóòtù ìbílẹ̀ tí ìjọba òyìnbó dá sílẹ̀ rí èyí kíákíá. Obìnrin tó bá fẹ́ kọ ọkọ á wá síwájú àwọn olóyè tó jókòó, akọ̀wé á béèrè iye tí ọkọ san, wọ́n á ka owó náà sórí tábìlì, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọkọ tuntun ló gbé e wá, ọ̀rọ̀ á sì parí. Àwọn àgbà pariwo pé kóòtù ló ba àwọn obìnrin jẹ́, àwọn kan sì ń sọ bẹ́ẹ̀ títí dòní. N kò gbà. Kóòtù kò lè fi owó tú ohun tí wọn kò fi owó so. Ká ní iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún àti ìdílé méjì ló ṣì dè é ni, adájọ́ wo ló máa ka ebè padà fún ọkọ? Àwọn obìnrin yìí kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọjà tiwọn àti owó tiwọn, ilé baba wọn kò sì fìgbà kan ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ní 1958, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣe òfin kan tí àwọn káńsù lè gbà lò lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ. Ọwọ́ ìjọba ti tẹ ohun tó jẹ́ ti agbo ilé.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955 ló parí ohun tí kòkó bẹ̀rẹ̀. Michael Adekunle Ajasin ti Ọ̀wọ̀ ló kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ náà fún ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group. Ọmọ tó yẹ kó wà lóko wọ kíláàsì. John Caldwell, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Yorùbá ní àwọn ọdún 1970, sọ ọ́ ní 1976 pé nínú ìdílé àtijọ́, ọrọ̀ àti iṣẹ́ ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ lọ sọ́dọ̀ òbí, àti pé nígbà tí òbí bá ti ń náwó lé ọmọ lórí ju bí ọmọ ṣe ń sìn ín lọ ni bíbí púpọ̀ máa dín kù. Àwọn kan ní ó sọ ìfẹ́ òbí di ìṣirò owó, mo sì rí ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí kò sí ìyá Àkókó tó bímọ nítorí èrè nìkan. Síbẹ̀ ó ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ìdí tí ìwé ẹrù ìdána fi gùn tó báyìí. Òbí ti náwó ilé ìwé lórí ọmọbìnrin, kò sì sí àna tó ń wá roko fún wọn mọ́.

Nítorí náà, ìwé ẹrù ìdána kì í ṣe ti àwọn baba ńlá. Ọmọ ayé owó ni. Obì, orógbó àti ataare inú rẹ̀ dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ìyókù kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìdílé tó bá ń gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo, tí kò sì sí ẹgbẹ́ tàbí baálé tó ń bá a gbé e, kò lè ní àṣà lòun ń tẹ̀ lé. Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Ajasin wà ní Àkùngbá, kò jìnnà sí Ọ̀kà, wọ́n sì ń kọ́ ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá níbẹ̀. Mo bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ pé kí wọ́n gòkè lọ sí Òkè-Àgbè nísinsìnyí, kí wọ́n jókòó ti àwọn ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kí wọ́n sì bi wọ́n ní èdè Àfá tàbí Ùdò, kì í ṣe ní èdè ìwé: ta ló bá bàbá yín roko, ọdún mélòó ló fi ṣe é, ta ló sì san owó náà? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ kó tó pẹ́ jù.