Gowon Estate: Òwò àti Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Àdúgbò Òṣìṣẹ́

Gowon Estate jẹ́ àdúgbò ilégbèé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kọ́ ní àwọn ọdún 1970 sí apá Ìpàjà àti Ẹ̀gbẹ́dá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó. Orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó ṣe olórí ìjọba ológun láti oṣù kẹjọ ọdún 1966 títí di oṣù keje ọdún 1975, ló ń jẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Lónìí, òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ibẹ̀ fi ń jẹun.

Owó epo àti ilé òṣìṣẹ́

Ọdún 1971 ni Nàìjíríà wọ OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo rọ̀bì. Láàárín oṣù kẹwàá ọdún 1973 sí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1974, iye owó àgbá epo rọ̀bì kan fò láti nǹkan bíi dọ́là 3 dé ìtòsí dọ́là 12. Owó ya wọ àpò ìjọba, èrò sì ya wọ Èkó, tó jẹ́ olú-ìlú nígbà náà. Ilé gbígbé di ọ̀wọ́n. Nínú Ètò Ìdàgbàsókè Kẹta, ti ọdún 1975 sí 1980, ìjọba pinnu láti kọ́ ilé 202,000 káàkiri orílẹ̀-èdè, 50,000 nínú wọn sì jẹ́ ti Èkó. Iye tí wọ́n kọ́ parí kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n àkókò yẹn ló bí Gowon Estate àti FESTAC Town, tó gba àlejò àjọ̀dún àṣà ọdún 1977.

Ilé ni ètò náà gbájú mọ́. Iṣẹ́ ṣì wà ní Ìkẹjà, Àpápá àti Erékùṣù Èkó, ẹni tó ń gbé ní apá Ìpàjà sì ní láti tètè jí wọ ọkọ̀. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP dé lọ́dún 1986, náírà já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́ wọn káàkiri Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni ìdílé tó gbára lé owó oṣù nìkan ti ń dín kù. Ìyàwó gbé àtẹ síwájú ilé, ọkọ yá ṣọ́ọ̀bù, ọmọ lọ kọ́ṣẹ́.

Èrò àti ìṣàkóso

Àwọn Àwórì àti Yewa ló pọ̀ jù nínú àwọn onílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ tó ń ka ènìyàn ní àwọn tó ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ náà lé ní 1,200,000. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tako iye yìí, ó ní wọ́n lé ní 2,000,000. Nínú àkọsílẹ̀ méjèèjì, Alímọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Èkó. Lọ́dún 2003, ní àsìkò Gómìnà Bọ́lá Tinúbú, wọ́n pín in sí mẹ́fà: Alímọ̀ṣọ́, Agbádó/Òkè-Odò, Ayọ̀bọ̀/Ìpàjà, Ẹ̀gbẹ̀/Ìdímù, Ìkòtún/Ìgándò àti Mọ́sàn/Ọ̀kúnọlá. Ẹ̀sìtéètì Àbẹ̀sán, tí Gómìnà Lateef Jákàńdè kọ́ láàárín ọdún 1979 sí 1983, tún fi kún èrò agbègbè náà. Bí ilé ṣe ń pọ̀ ni oníbàárà ń pọ̀.

Ọjà

Ọjà Gowon Estate ni àwọn ará àdúgbò ti ń ra ohun ọbẹ̀. Àwọn alátàtúntà a máa lọ sí ọjà Ilé-Epo ní Òkè-Odò, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, níbi tí iṣu, gàrí, ata àti tòmátì ti ń já. Ọjà Kàtángúà ni ti òkìríkà, Ìkòtún sì ni ọjà ńlá tó wà ní ìhà kejì Alímọ̀ṣọ́. Ní Ìkòtún kan náà, ṣọ́ọ̀ṣì SCOAN tí oníwàásù T. B. Joshua dá sílẹ̀ fa àlejò láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wá fún ọ̀pọ̀ ọdún, hòtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti àwọn tó ń ṣẹ́ owó sì pọ̀ yí i ká.

Òwò Alímọ̀ṣọ́ kò dá dúró láàyè ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, ní Èkó, ni orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọwọ́ sí ìwé tó dá ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀, kí ọjà lè máa kọjá ẹnubodè wọn fàlàlà. Gowon àti Ààrẹ Eyadéma ti Tógò ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìrẹsì wọ́n dé orí àtẹ. Wọ́n ṣí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n Ìdí-Ìrókò, tí ọ̀nà rẹ̀ gba Ọ̀tà wọ apá Alímọ̀ṣọ́, wà ní títì di oṣù kẹrin ọdún 2022.

Owó òwò kékeré kì í sábà wá láti báńkì. Àjọ àti èésú ni. Alájọ a máa kọjá gba owó lójoojúmọ́, oníṣòwò a sì kó tirẹ̀ ní ìparí oṣù. Àwọn mìíràn a dáwó jọ, kí ọ̀kan nínú wọn máa kó o ní ìyípo. Àwọn oní-POS náà ti di báńkì òpópónà. Nígbà tí owó bébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí owó gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí wọ́n ń yọ lórí rẹ̀ ga púpọ̀.

Ìkọ́ṣẹ́

Nínú ìkọ́ṣẹ́ ni agbára agbègbè yìí wà. Télọ̀, onídìrí, mẹkáníìkì, fọ́káńísà, wẹ́dà, káfíńtà, bíríkìlà àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe: ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ṣẹ́. Ọmọ yóò bá òbí tàbí alágbàtọ́ wá, wọn yóò kọ ìwé àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí, wọn yóò san owó ìkọ́ṣẹ́ tàbí kí wọ́n fi ọdún kún iye ọdún tí ọmọ yóò lò. Gbígbá ṣọ́ọ̀bù àti jíjẹ́ iṣẹ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò di ohun èlò mú. Ọjọ́ tó bá gba fírídọ́ọ̀mù, ìyẹn ìtúsílẹ̀ lẹ́yìn ìkọ́ṣẹ́, ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí, ẹbí yóò sì se oúnjẹ. Láàárín àwọn oníṣòwò Ìgbò tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti ẹ̀rọ, ọmọ kì í san owó: yóò sin ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, ọ̀gá yóò sì fi owó tàbí ọjà dá a sílẹ̀.

Ìjọba náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọdún 1971, lábẹ́ Gowon, ni wọ́n dá àjọ ITF sílẹ̀, tó ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí àwọn ilé iṣẹ́ ń san, láti fi kọ́ òṣìṣẹ́. Ọdún 1986 ni NDE, àjọ ìpèsè iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, dé, ó sì ń fi àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba wà ní Ìkòtún, NABTEB, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò, sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe. Lọ́dún 2016, Ìpínlẹ̀ Èkó dá owó ìrànwọ́ LSETF sílẹ̀ láti yá oníṣòwò kékeré lówó àti láti kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́.

Àlàfo tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì yìí tóbi. Ọ̀gá wẹ́dà tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì kò sí lára àwọn tó ń dáwó sí ITF, owó náà kì í sì í sábà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwé fírídọ́ọ̀mù tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń gbà níyì ní àdúgbò, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá kò kà á sí.

Ọ̀nà àti iná

Afárá Abúlé Ẹ̀gbá tí wọ́n ṣí lọ́dún 2017, ọ̀nà ọkọ̀ èrò BRT láti Òṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, àti ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó ń rin láti Agbádó dé Oyíǹgbò láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ti dín ìyà ìrìnnà kù. Ṣùgbọ́n láti Gowon Estate dé ibi tí wọ́n ti lè wọ̀ wọ́n, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀kadà àti kòrópe ni èrò ń lò. Iná ni ìnira kejì. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, jẹnẹrétọ̀ ń jẹ èrè oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀pọ̀ sì ti ń kọjú sí sólà. Síso sólà gan-an ti di iṣẹ́ tuntun tí ọ̀dọ́ lè kọ́.

Ẹ̀kọ́ láti Bahrain

Ní ti àlàfo tó wà láàárín owó ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àti oníṣọ́ọ̀bù kékeré, ẹ̀kọ́ wà níbòmíràn. Owó epo ọdún 1973 kan náà kan Bahrain, erékùṣù kékeré kan ní Òkun Páṣíà, níbi tí wọ́n ti rí epo lọ́dún 1932. Wọ́n mọ̀ pé epo wọn kò pọ̀, wọ́n sì tètè wá nǹkan mìíràn ṣe: ilé iṣẹ́ alumíníọ̀mù wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1971. Lọ́dún 2006, wọ́n dá àjọ Tamkeen sílẹ̀. Owó tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń san lórí òṣìṣẹ́ àjòjì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ìlú níṣẹ́, tí wọ́n sì fi ń ran òwò kékeré lọ́wọ́. Bahrain ní ìṣòro tirẹ̀, pàápàá lórí bí wọ́n ṣe ń lo òṣìṣẹ́ àjòjì. Síbẹ̀, ó fi hàn pé owó ìkọ́ṣẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kékeré bí ìjọba bá là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù

Iṣẹ́ ti wà ní Gowon Estate, ọ̀gá wà, ọmọ iṣẹ́ sì wà. Ohun tó kù ni kí ìjọba ṣe ìdánwò fún àwọn tó gba fírídọ́ọ̀mù, kó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí tí ilé iṣẹ́ yóò gbà, kó sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọwọ́ nínú gbogbo ẹ̀sìtéètì tó bá tún kọ́. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má ṣe ka ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ sí ẹni tó kùnà ìwé. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló gbé Alímọ̀ṣọ́ ró.