Adúmáadán: Ìtọ́jú Awọ Ara Ọkùnrin ní Ilẹ̀ Wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí rò pé iṣẹ́ obìnrin ni ìtọ́jú awọ ara. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, bí ọyẹ́ bá dé, àgbẹ̀, ọdẹ àti ìjòyè ni wọ́n jọ ń fi òrí para kí awọ wọn má baà sán. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni igi òrí ti ń hù. Níbi tí ọ̀pẹ ti pọ̀, bí agbègbè Àjàṣẹ́, àdí ni wọ́n ń lò. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n fi ń wẹ̀.

Èdè pàápàá jẹ́rìí. Adúmáadán ni a ń pe ẹni tí ó dúdú tí ó sì ń dán, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Dídán ni àwọn baba ńlá wa ń wá, kì í ṣe pípọ́n.

Nísinsìnyí, àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà ti ń ra ìpara tí ń bó ara. Mẹ́kúrì wà nínú òmíràn, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn Minamata ti ọdún 2013 pàṣẹ pé lẹ́yìn ọdún 2020, kí a má ṣe ṣe ìpara tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ bá ju ìdá 1 nínú 1,000,000 lọ mọ́, kí a má sì kó o wọ̀lú.

Ẹni tí ó bó ara ti sọ oríkì rẹ̀ nù. Òrí ṣì wà lọ́jà.