Ọ̀pọ̀ Yanturu Kọ́ ni Ààbò: Ìtàn Ẹyẹ Òkun Audouin

Ohun tí ó pọ̀ níye lè wà nínú ewu síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ̀rí òtítọ́ yìí ni ẹyẹ òkun kan tí ń gbé ní agbègbè Òkun Mẹditaréníà, láàrin ilẹ̀ Yúróòpù àti Áfíríkà. Ní ọdún 1826 ni Payraudeau, onímọ̀ ohun àdánidá ará Faransé, kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Orúkọ Audouin, ará Faransé mìíràn tí í ṣe onímọ̀ nípa kòkòrò, ni ó fi sọ ẹyẹ náà.

Ara ẹyẹ yìí funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí eérú, ẹnu rẹ̀ sì pupa pẹ̀lú àmì dúdú nítòsí ṣónṣó. Àwọn ìbátan rẹ̀ a máa ṣa oúnjẹ lórí ààtàn, ṣùgbọ́n ẹja ni òun fẹ́ràn jù. A máa rábàbà lórí omi lóru, a sì máa fi ẹnu gbé àwọn ẹja wẹ́wẹ́ bíi sadíìnì. Erékùṣù àti iyanrìn etí òkun ni ó ń yé sí. Takọtabo ni í sì í sàba lé ẹyin 2 tàbí 3. Nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ nínú wọn a gba etí òkun Mòrókò lọ títí dé Sẹ̀nẹ̀gà.

Ní àwọn ọdún 1960, nǹkan bí 1,000 tọkọtaya péré ni wọ́n kà ní gbogbo ayé. Kíkó tí àwọn apẹja ń kó ẹyin wọn wà lára ohun tí ó fà á. Ní ọdún 1981, tọkọtaya 36 tẹ̀dó sí iyanrìn Punta de la Banya, ní ẹnu odò Ebro, ní ilẹ̀ Spéìn. Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ agbègbè náà di ọgbà ìpamọ́. Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, iye wọn níbẹ̀ ti ju 10,000 tọkọtaya lọ, èyí tí ó ju ìdajì irú wọn láyé.

Ààbò nìkan kọ́ ni ó fa ìbísí yìí. Àwọn ọkọ̀ apẹja ńláńlá a máa da ẹja tí kò wúlò fún wọn padà sómi, àwọn ẹyẹ a sì máa ṣa á jẹ. Bó pẹ́ bó yá, ọdún eégún á tán, ọmọ alágbàáà á wá àkàrà rà jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí òfin dá iṣẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyí dúró fún ìgbà díẹ̀ ní àsìkò ìpamọ, ọmọ tí àwọn ẹyẹ náà rí tọ́ dàgbà dín kù. Lẹ́yìn náà ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rí ọ̀nà wọ Punta de la Banya. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ sá kúrò níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì wá ń pamọ ní gúúsù ilẹ̀ Pọtogí. Òfin ẹja pípa tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù tún ṣe ní 2013 sì bẹ̀rẹ̀ sí í fòpin sí dída ẹja nù.

Ní ọdún 2020, àjọ IUCN dá ẹyẹ yìí padà sínú ìwé àwọn tí ìparun ń dẹ́rù bà. Òfin náà kò burú, nítorí ó ń dín ìfiṣòfò ẹja kù. Àṣìṣe ibẹ̀ ni gbígbé ìrètí gbogbo ẹ̀yà kan lé ibùdó kan ṣoṣo àti oúnjẹ ọ̀fẹ́. Ààbò tí yóò tọ́jọ́ ni kí ibùdó ìpamọ wọn pọ̀, kí àwọn ẹran apanijẹ má rí wọn wọ̀, kí ẹja wẹ́wẹ́ sì ṣẹ́kù nínú òkun fún wọn.