Ìdáàbòbò Àwọn Ètò Pàtàkì Inú Kọ̀ǹpútà Tí Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Ń Lò

Ní Ìdóàní àti káàkiri agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilé ẹ̀kọ́, ní ọ́fíìsì tàbí ní sáíbà-kaféè. Bí ẹnikẹ́ni bá lè yí ètò rẹ̀ padà, gbogbo wọn ni ewu ń bẹ fún. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ amí pamọ́ sínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ lè ka nọ́ńbà NIN ẹni tí ó lò ó ní ìrọ̀lẹ́. Àṣìṣe lásán pẹ̀lú ń dá wàhálà sílẹ̀: bí ọmọdé bá ṣèèṣì yí ọjọ́ inú kọ̀ǹpútà padà, ọ̀pọ̀ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ṣí dáadáa mọ́.

Gbogbo ará ìlú ni ó lè wọ àgbàlá ààfin, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń wọ ìyẹ̀wù ọba. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí kọ̀ǹpútà rí. A gba àwọn olùtọ́jú kọ̀ǹpútà ní ìmọ̀ràn pé:

1. Kí ẹ ní àkáǹtì alábòójútó kan tí ó ní ọ̀rọ̀ ìwọlé líle. Ẹ má ṣe lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara ẹ̀rọ.
2. Kí ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn fún àwọn tí ń lò ó. Nínú Windows 11, ẹ lọ sí Settings, Accounts, kí ẹ sì yan Other users. Ipò Standard User ni kí ẹ fún un. Ẹni tí ó wà ní ipò yìí kò lè yí ọjọ́ padà tàbí pa ògiri ààbò láìsí ọ̀rọ̀ ìwọlé alábòójútó.
3. Bí Windows yín bá jẹ́ Pro, ẹ lè fi Group Policy ti Settings àti Control Panel pa pátápátá.

Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 pa á láṣẹ pé kí sáíbà-kaféè forúkọ sílẹ̀, kí ó sì ní ìwé tí àwọn oníbàárà ń fọwọ́ sí. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 sì béèrè pé kí ẹni tí ìsọfúnni ará ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáàbò bò ó.

Ẹ̀yin olùgbé, bí kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò kan bá gbà yín láàyè láti yí ètò rẹ̀ padà láìbéèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, ẹ má ṣe tẹ nọ́ńbà báńkì tàbí NIN yín sínú rẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá sì ti lo kọ̀ǹpútà, ẹ rí i pé ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín kí ẹ tó dìde.