Ìdáláre àti Ìgbàgbọ́: Níbo Ni Àwọn Ìjọ Wa Ti Yàtọ̀?

Ní àgbègbè Ọjọ́, Ìbà àti Okokomaiko, kò ṣọ̀wọ́n kí ọkọ jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà, kí ìyàwó jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, kí ọmọ wọn sì máa jọ́sìn pẹ̀lú àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì. Bí ikú bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ńlá a máa dìde: ǹjẹ́ a gba olóògbé là, nípa kí ni? Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ìdáláre fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni ìdáláre nínú Bíbélì Yorùbá. Ẹni tí adájọ́ bá dá láre, ẹjọ́ rẹ̀ ti parí; a kì í béèrè bóyá ìwà rẹ̀ ti yí padà. Èyí sún mọ́ ẹ̀kọ́ Martin Luther, ẹni tí ó fi “nìkan” kún ìgbàgbọ́ ní Romu 3:28 nínú ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1522. Abala 11 nínú Abala 39 ti Ìjọ Áńgílíkà fara mọ́ ọn.

Ìgbìmọ̀ Trent ti Ìjọ Àgùdà dáhùn ní 1547 pé ìdáláre ju ìdáríjì lọ: Ọlọ́run ń sọ ènìyàn di olódodo ní tòótọ́, láti ìgbà ìrìbọmi, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì lè mú kí ó pàdánù rẹ̀. A sábà máa ń gbọ́ pé àwọn Àgùdà ń fi iṣẹ́ ra ìgbàlà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Trent kọ́ni pé kò sí ìgbàgbọ́ tàbí iṣẹ́ ìṣáájú tí ó tọ́ sí oore-ọ̀fẹ́ náà. Jakọbu 2:24 ni wọ́n gbé ka iwájú, pé ìgbàgbọ́ kò dá dúró.

Wesley fi ìsọdimímọ́ tẹ̀ lé ìdáláre. Ìjọ Deeper Life, tí Pásítọ̀ W. F. Kumuyi bẹ̀rẹ̀ ní 1973, tẹnu mọ́ ọn pé kí onígbàgbọ́ dá ohun tí ó jí padà fún olówó rẹ̀.

Ní 31 Oṣù Kẹwàá 1999, Ìjọ Àgùdà àti àpapọ̀ Ìjọ Luther lágbàáyé fọwọ́ sí ìwé kan ní Augsburg ní Jámánì, pé nípa oore-ọ̀fẹ́ nìkan, nínú ìgbàgbọ́ sí Kristi, ni Ọlọ́run fi gbà wá, tí Ẹ̀mí sì ń mú wa ṣe iṣẹ́ rere. Ìgbìmọ̀ Mẹ́tọ́díìsì Àgbáyé dara pọ̀ ní 2006. Àwọn Áńgílíkà fara mọ́ kókó rẹ̀ ní 2016. Ohun tí ó kù, tí ó sì le, ni bóyá ẹni tí a ti dá láre lè ṣubú pátápátá: Àgùdà àti Mẹ́tọ́díìsì ní ó lè ṣe é, ọ̀pọ̀ Onítẹ̀bọmi ní rárá.