Ọta .41 Magnum Nínú Ìtàn Ìbọn Ìléwọ́ ní Amẹ́ríkà

Ọdún 1964 ni ilé-iṣẹ́ Remington àti Smith & Wesson gbé ọta .41 Magnum jáde fún ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí. Elmer Keith àti Bill Jordan wà lára àwọn agbátẹrù rẹ̀. Àlàfo ni wọ́n fẹ́ dí: .357 Magnum ti ọdún 1935 kò tó lójú àwọn kan; .44 Magnum sì ń ti ọwọ́ ayìnbọn sẹ́yìn jù.

Orúkọ lè tan ènìyàn jẹ níhìn-ín. Íǹṣì .429 ni ìbú ọta .44 ní tòótọ́, ti .41 sì jẹ́ .410. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Nítorí náà ni .41 fi súnmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní agbára, tí ọwọ́ sì gbà á jù ú lọ. Iyì rẹ̀ gan-an nìyí, pàápàá fún ọdẹ àgbọ̀nrín.

Kì í ṣe àìdára ló fà á sẹ́yìn. Ọlọ́pàá tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é ni kò gbà á tán: ìbọn Model 58 tóbi, ó sì wúwo. Ìlú díẹ̀, bíi San Antonio, ló lò ó. Nígbà tí fíìmù Dirty Harry jáde ní ọdún 1971, .44 ló kó gbogbo òkìkí lọ.